Kéèkì Alága Tverrbakk Tí Kò Gba Ẹnu Ọ̀nà

Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé báwo ni kéèkì ìgbéyàwó ṣe yẹ kó tóbi tó, ẹ má tíì dá a lóhùn. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé èèyàn mélòó ló ń bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi í pé àwọn ta ni. Ẹni tó bá fo ìbéèrè kejì yẹn ni ojú máa ń tì, mo sì fẹ́ fi Alága Eilert Tverrbakk ṣe àpẹẹrẹ fún yín. Inú rẹ̀ kò ní bàjẹ́ sí i. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ń wá ẹni tí yóò fi òun ṣe àpẹẹrẹ.

Alága ìjọba ìbílẹ̀ ni, ní erékùṣù wa, Grimsholm, níbi tí a kò ti ju ẹgbẹ̀ta èèyàn lọ, tí àgùntàn sì fi ìlọ́po méjì jù wá lọ. Ó ti lo ọdún méjìlá lórí àga. Ẹ̀wọ̀n oyè tí àwọn alága ìlú mìíràn ń gbé kọ́rùn lọ́jọ́ ọdún nìkan, Eilert ń gbé e kọ́rùn lọ ra mílíìkì. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé ìtọ̀ sí èbúté fẹ́rì, ó gé rìbọ́ọ̀nù níwájú rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú.

"Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n!" ló wí. "Lónìí, Grimsholm ti jókòó síbi tó yẹ ẹ́!"

Àlejò ará Jámánì méjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú fẹ́rì dúró lẹ́yìn rìbọ́ọ̀nù, wọ́n lọ́ ẹsẹ̀ pọ̀, omi ń lé lójú wọn. Alága rò pé ọ̀rọ̀ òun ló wọ̀ wọ́n lára. Preben, akọ̀wé rẹ̀, ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Preben ló máa ń kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n kàn ń pè é ní akọ̀wé ni.

Ó wá ku oṣù méjì kí Iselin, ọmọ kan ṣoṣo tí Alága bí, fẹ́ Jostein tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Alága wọ ilé búrẹ́dì Gudny Lausund tòun tẹ̀wọ̀n, Preben tẹ̀lé e pẹ̀lú ìwé àti kálámù.

"Gudny, mo wá fún ọ ní àǹfààní tí ìran rẹ yóò máa fi yangàn."

"Káàárọ̀, Eilert. Fà sẹ́yìn díẹ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ ń wọ inú ìyẹ̀fun mi."

Ẹ má dá a lẹ́bi. Kíláàsì kan náà ni wọ́n jọ wà; ó mọ ìgbà tí Alága ń fi apá súwẹ́tà nu imú.

"Kéèkì ìgbéyàwó Iselin ni mo bá wá," Alága wí. "Àlejò ọgọ́fà. Gómìnà àgbègbè wa fúnra rẹ̀ wà nínú wọn."

"Ṣé gómìnà ní ikùn méjì ni?"

"Kí lo ní lọ́kàn?"

"Mo kàn fẹ́ mọ iye tí mo máa kà á sí." Gudny fi épírọ̀nù nu ọwọ́, ó ronú díẹ̀. "Ọgọ́ta ègé á tó ọ. Ìpele mẹ́ta, tó kéré níwọ̀n."

Ojú Alága pọ́n. "Ọgọ́ta! Ṣé ààbọ̀-ààbọ̀ èèyàn ni mo pè ni?"

"Odidi èèyàn lo pè. Àmọ́ tábìlì kéèkì ńkọ́?"

Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ìgbéyàwó tí kì í ní tábìlì kéèkì. Bí a bá jẹun tán, tí kọfí jáde, àwọn àǹtí, àwọn ìyá àgbà, aládùúgbò, àní àwọn ọkùnrin tó láyà, kálukú á gbé kéèkì tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sórí tábìlì gígùn kan. Abẹ́ àwo kọ̀ọ̀kan ní téèpù funfun tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí, kí àwo má baà ṣìlé. Ìdí nìyẹn tí kéèkì ìyàwó kì í fi í tóbi. Tọkọtaya á gé e, a óò tọ́ ọ wò nítorí tiwọn, a óò wá sáré lọ sídìí kéèkì Àǹtí Borghild kó tó tán. Ẹni tí ẹ bá sì sọ fún pé kó má gbé kéèkì wá, ẹ̀yin àti òun mọ̀ pé ohun tí ẹ sọ ni pé kó má wá.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló máa wà lórí tábìlì yẹn," Gudny wí. "Mo ti kà wọ́n. Ikùn kọ̀ọ̀kan sì ni gbogbo wa ní."

"Alága erékùṣù Storeværet gé ìpele márùn-ún níbi ìgbéyàwó ọmọ tirẹ̀." Ohùn Alága lọ sílẹ̀ bíi tẹni tó ń sọ̀rọ̀ òkú. "Méje ni mo fẹ́. Irínwó ègé."

"Ta ló máa jẹ ẹ́?"

"Gudny, ta ló ń sọ̀rọ̀ jíjẹ? Wíwò ni!"

"Ààrò mi kò gbà á. Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìlú náà kò gbà á, àádọ́rùn-ún sẹ̀ǹtímítà péré ni. Ìgbà tí mo fi èjìká kọ lu òpó rẹ̀ tí mo ń gbé búrẹ́dì wọlé ni mo wọ̀n ọ́n."

Alága na ìka sókè. "Ẹnu ọ̀nà ni yóò bá kéèkì mu, kì í ṣe kéèkì ni yóò bá ẹnu ọ̀nà mu!"

"Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n rèé o, Ọ̀gá," Preben wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

"Kọ ọ́ dáadáa," Gudny sọ fún un. "Ó ń bọ̀ wá wúlò."

Bí wọ́n ṣe lọ ra kéèkì ní ìlú ńlá tó wà lódìkejì omi nìyẹn.

Preben ló kọ́kọ́ rí ewu. "Ọ̀gá," ló wí, "bí àwọn àǹtí bá gbé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, ẹ mọ irú èèyàn tá a jẹ́. Ibi tó dùn la máa lọ."

Ọ̀rọ̀ gidi kan ṣoṣo tí Preben sọ lọ́dún yẹn nìyẹn, ìwà burúkú ni wọ́n sì fi ṣe. Alága pe ìpàdé pàjáwìrì. Ó dìde dúró níwájú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mọ́kànlá, ó fọwọ́ lé ẹ̀wọ̀n lórí àyà.

"Ẹ̀yin aṣòfin! Ìtàn ń wò wá! Títí di ìgbà wo ni ẹyin tí a kò mọ ìyá rẹ̀ yóò máa wọ kéèkì tí a kò mọ ààrò rẹ̀? Títí di ìgbà wo ni ẹnu gómìnà yóò máa wà nínú ewu?"

Òfin tó gbé kalẹ̀ ni pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé kéèkì tí wọ́n ṣe nílé kalẹ̀ láàárín igba mítà sí gbọ̀ngàn ìlú. Gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ló sì ń retí kí Alága da ọ̀dà sí ọ̀nà iwájú ilé wọn, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi í léèrè ẹyin wo ló ti pa gómìnà wo rí. Ẹnì kan ṣoṣo ló nawọ́, Oddleif, tó ń sin àgùntàn.

"Alága, wáfù ńkọ́? Ṣé kéèkì ni?"

Wọ́n jiyàn lórí wáfù, àkàrà pẹlẹbẹ tí a ń fi irin gbígbóná tẹ̀, fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n gbé díẹ̀ wá kí àwọn lè fojú ara àwọn rí i. Nígbà tí àwo ṣófo, wọ́n pinnu pé wáfù lásán kì í ṣe kéèkì, ṣùgbọ́n tí jáàmù bá ti kàn án, ó ti di kéèkì nìyẹn. Wọ́n dìbò. Kò sí ẹni tó ta kò ó, àní Oddleif. Ọ̀nà iwájú ilé tirẹ̀ ló burú jù.

Iselin gbọ́ ní ọjọ́ kejì. Ó bá bàbá rẹ̀ níwájú dígí, níbi tó ti ń kọ́ bí yóò ṣe di ọ̀bẹ kéèkì mú fún àwọn ayàwòrán.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fagi lé òfin yẹn."

"Òfin kì í ṣe aṣọ, ọmọ mi, tí èèyàn á wọ̀ láàárọ̀ tí á bọ́ lálẹ́."

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí Màmá kú. Ẹ̀yin wà nípàdé. N ò bá yín jà, ìpàdé niṣẹ́ yín. Àmọ́ àwọn àǹtí ló ń gbé oúnjẹ síwájú ilẹ̀kùn wa. Orúkọ tó wà lábẹ́ àwo ni mo fi ń mọ ọjọ́: Borghild ni ọjọ́ Ẹtì, Torgunn ni ọjọ́ Ajé. Àǹtí Borghild fẹ́ ṣe kéèkì álímọ́ńdì tí Màmá máa ń ṣe. Nǹkan kan ṣoṣo tí mo fẹ́ níbi ìgbéyàwó mi nìyẹn, pé kí gbogbo wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwo wọn."

"Iselin," Alága wí, ó yí ọ̀bẹ sọ́wọ́ òsì láti wò ó bóyá ó yẹ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀, "ọmọ Alága ni ọ́. Ọmọ ìtàn ni ọ́!"

"Ọmọ Màmá ni mo fẹ́ jẹ́ lọ́jọ́ yẹn."

Alága dáhùn. Ó bi í pé ṣé makirofóònù kan á tó àbí méjì.

Àǹtí Borghild, ẹ̀gbọ́n ìyá Iselin, kò pariwo. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ti fi ogójì nínú rẹ̀ ṣe olórí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó wọ awò ojú, ó ka òfin náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a.

"Òfin ni òfin," ló sọ fún àwọn àǹtí yòókù tí wọ́n kóra jọ sí ilé ìdáná rẹ̀. "A ò ní rú u."

"Borghild!" Torgunn kígbe. "Ṣé a máa jókòó ká lọ́wọ́ lásán bí ẹni wá gbòógùn ni?"

"Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀? Ta ló ní téèpù ìwọ̀nlẹ̀?"

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, obìnrin mẹ́fà ti na téèpù láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìlú lọ sísàlẹ̀, títí dé ahéré tí Anfinn apẹja ń gbọ́kọ̀ rẹ̀ sí létí omi. Àǹtí Borghild tẹ́ orúnkún sílẹ̀, ó wo nọ́ńbà.

"Igba mítà ó lé ọ̀kan."

"Kí la fẹ́ fi ọ̀kan yẹn ṣe?" Torgunn bi í.

"Ọ̀wọ̀ ni. Fún ìjọba."

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Oòrùn yọ, èyí tí Alága gbà bí ohun tó tọ́ sí i. Kéèkì dé pẹ̀lú fẹ́rì aago mẹ́wàá. Àyè ọkọ̀ mẹ́ta ló gbà, Oddleif àti ọkọ̀ àgùntàn rẹ̀ sì ní láti dúró de fẹ́rì aago méjì. Ìpele méje, ṣúgà funfun bíi yìnyín, àti lórí téńté rẹ̀, ère kékeré kan. Kì í ṣe ère ìyàwó, kì í ṣe ti ọkọ. Ẹ wo ọrùn ère náà dáadáa, ẹ ó rí ẹ̀wọ̀n.

Ìpele ìsàlẹ̀ fẹ̀ ní mítà kan àti ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà. Ẹnu ọ̀nà kò tíì fẹ̀ sí i láti ìgbà tí Gudny ti wọ̀n ọ́n.

"Ẹ jẹ́ ká tú u sí ìpele-ìpele ká tó gbé e wọlé," awakọ̀ tó gbé e wá wí.

"A kì í gbé iyì wọlé ní ègé-ègé!" Alága ké. "Ẹ yọ ilẹ̀kùn!"

Wọ́n yọ ilẹ̀kùn, kò gbà. Wọ́n yọ òpó rẹ̀ méjèèjì, kò gbà. Wọ́n wá gé pákó ara ògiri títí tí kéèkì fi wọlé, àti atẹ́gùn òkun lẹ́yìn rẹ̀. Preben pàtẹ́wọ́ fún kéèkì àti fún ihò.

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a jẹ ẹran àgùntàn àti ọ̀dùnkún. Àwọn àǹtí wà níjokòó wọn pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n ìbá ti bẹ̀rù. Lẹ́yìn oúnjẹ, Alága dìde pẹ̀lú makirofóònù méjì.

"Ọlọ́lá Jùlọ, Gómìnà wa! Ẹ̀yin àlejò pàtàkì! Kí ni kéèkì?"

Nǹkan tó yẹ kó gbà wá là nìyí: bí àlejò bá fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ níbi ìgbéyàwó wa, tọkọtaya gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ tábìlì lọ fi ẹnu ko ara wọn lẹ́nu, gbogbo ọ̀rọ̀ á sì dúró. Láàárín ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, a fẹsẹ̀ lulẹ̀ nígbà mọ́kànlá. Orúnkún Jostein bó. Alága ń dúró, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn.

Ìgbà tó dé ibi tí ó ti fi ìpele kẹta wé ọdún kẹta rẹ̀ lórí oyè ni òórùn náà wọlé. Ihò ara ògiri ló gbà wọlé. Kọfí ni, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, àti bọ́tà gbígbóná, àti álímọ́ńdì.

Àǹtí Borghild ló kọ́kọ́ jáde, bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sára. Torgunn tẹ̀lé e. Àwọn àbúrò, àwọn ọmọ wọn, àwọn ẹbí Jostein, méjì-méjì, wọ́n rọra ń yọ́. Ẹnu ọ̀nà sì fẹ̀ dáadáa, kò sẹ́ni tó ní láti dúró de ẹnìkejì. Nígbà tí Alága dé ìpele kẹfà, gómìnà tẹ̀ sí etí Preben.

"Jọ̀ọ́, níbo ni òórùn yẹn ti ń wá?"

"Kò bófin mu, Ọlọ́lá Jùlọ."

"Mo bi ọ́ pé níbo ni."

"Ní ahéré Anfinn. Sísàlẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún yín."

Gómìnà lọ. Preben wo ẹ̀yìn gómìnà, ó wo iwájú Alága. Òun náà lọ.

"…nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, irínwó ègé yìí, irínwó ọkàn tó ń lù fún Grimsholm ni!" Alága gbé ojú sókè láti gba àtẹ́wọ́. Iselin àti Jostein nìkan ló kù, àti ọgọ́fà àga.

Iselin dìde. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé ègé kan nínú ìpele ìsàlẹ̀, ó jókòó, ó sì jẹ ẹ́ tán. Ó gbẹ. Ó mu omi lé e.

"Bàbá, mo ti jẹ tiyín," ló wí. "Mo fẹ́ lọ jẹ ti Màmá báyìí. Ẹ bá wa lọ."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jókòó dáadáa. Ọ̀nà àbáyọ ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, ó fẹ̀ ju mítà kan àti ọgbọ̀n lọ. Ṣùgbọ́n Alága Eilert Tverrbakk gbé àgbọ̀n sókè.

"Alága kì í jẹ kéèkì tí kò bófin mu," ló wí.

Wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Iselin fa aṣọ ìyàwó rẹ̀ sókè, ó sáré gba orí koríko lọ sétí omi, níbi tí kéèkì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wà lórí ọkọ̀ Anfinn tí wọ́n da ojú rẹ̀ délẹ̀, tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé e lórí. Ti álímọ́ńdì wà láàárín. Àǹtí Borghild kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

"O pẹ́," Àǹtí Borghild wí.

"Ọ̀rọ̀ Bàbá ni."

"Gómìnà ti ní kí n gé e nígbà mẹ́ta. Jókòó."

Irínwó ó dín ọ̀kan ègé wọ inú fírísà ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìdìbò, gbọ̀ngàn yẹn kan náà la sì ti ń dìbò. Ẹ ó bi mí pé wọn ò tíì tún ẹnu ọ̀nà ṣe? Alága ní kí wọ́n má dí i, kí wọ́n sọ ọ́ ní Ẹnu Ọ̀nà Tverrbakk. Tapólì ni wọ́n fi bò ó, atẹ́gùn oṣù kẹsàn-án sì ń lù ú pàà, pàà, bí ẹni ń gbá èèyàn létí.

Ó wá ku ìmọ̀ràn kan, Preben ló mú un wá.

"Ọ̀gá, ká pín kéèkì yẹn fún àwọn olùdìbò."

"Òfin kò gbà kéèyàn polongo níbi ìdìbò."

"Kéèkì kì í sọ̀rọ̀, Ọ̀gá."

Àṣìṣe ni. Ó sọ̀rọ̀. Ìlú dúró lórí ìlà nínú òtútù, níwájú ihò tí a fi ògiri wa ṣe, kálukú pẹ̀lú ègé kan lọ́wọ́ tí yìnyín ṣì wà láàárín rẹ̀. Eyín ìyá àgbà kan dún kọ́. Ó wo kéèkì, ó wo ihò, ó wọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ka, kò sì pẹ́ níbẹ̀ rárá.

Èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló dìbò fún Alága. Oddleif ló wọlé. Ní ọjọ́ tó gba ẹ̀wọ̀n, ó ní òun á dá ilẹ̀kùn padà sí àádọ́rùn-ún sẹ̀ǹtímítà, òun á sì da ọ̀dà sí ọ̀nà, bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ilé kan tí kò dárúkọ. Preben ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Gbogbo ìgbà òtútù, a kò rí Eilert ní ìta. Àwọn kan ní ó ń kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Gudny nìkan ló mọ ibi tó wà, kò sì sọ.

Ní oṣù kẹfà, Iselin gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ ṣèrìbọmi. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tábìlì kéèkì kún nínú gbọ̀ngàn, Àǹtí Borghild sì dúró tì í bíi ti àtijọ́, ó ń to àwo. Eilert wọlé láti ẹnu ọ̀nà tóóró náà, ọrùn rẹ̀ lásán, ó fẹ̀gbẹ́ wọlé nítorí ohun tó gbé dání. Ó ṣí aṣọ tó fi bò ó. Kéèkì ṣokoléètì ni, àárín rẹ̀ jìn wọlé bí ibi tí ológbò sùn sí.

"Èèyàn mélòó ló máa tó?" Àǹtí Borghild bi í.

"Mẹ́jọ. Gudny ní mẹ́jọ."

"Ó ti wọ̀ láàárín."

"Mo mọ̀. Ìkẹrin nìyí. Èyí tó dáa jù rèé."

Àǹtí Borghild gbé àwo náà sókè, ó tẹ orí wo abẹ́ rẹ̀. Téèpù funfun wà níbẹ̀. Kò sí Alága lára rẹ̀, kò sí Ọlọ́lá, kò sí ọdún méjìlá. "Eilert" ni wọ́n kọ síbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì wọ́. Ó fọwọ́ ti kéèkì álímọ́ńdì tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé ti Eilert síbẹ̀.

Kò dùn púpọ̀. Mo jẹ ẹ́, mo mọ̀. Èèyàn méje ló mú nínú rẹ̀, ègé kan ṣoṣo kù, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa kò sí ẹni tó ń mú ègé ìkẹyìn. Ojú á ti ẹni tó bá mú un títí di ọ̀la. Ègé náà dá wà nínú àwo, kọfí ń tutù, Eilert dúró lẹ́bàá ògiri, ó ń wo ibòmíràn bí ẹni tí kò retí nǹkan kan.

Iselin gbé ọmọ sí apá kejì, ó na ọwọ́, ó mú ègé náà.